Adájọ́ Òtítọ́ fún Ẹlòmíì, Adájọ́ Tiwa fún Wa

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Ìbéèrè méjì làwọn èèyàn wa ní Ìlọrin máa ń béèrè tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹjọ́ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ kan. Ìkíní: "Ọmọ ta ni?" Ìyẹn ni pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì ni àbí Mùsùlùmí, ṣé ọmọ Ìlọrin ni, àbí Ìgbómìnà, àbí ará Ọ̀fà. Ìkejì: "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ìyẹn ni pé ta la lè rán sí i. Tí ìdáhùn méjèèjì bá bá wọn lára mu, ọkàn wọn á balẹ̀. Tí kò bá bá wọn lára mu, wọ́n á ní kí lọ́yà wá ọ̀nà gbé ẹjọ́ kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè kẹta ńkọ́? Ṣé adájọ́ yìí máa ń ka ìwé ẹjọ́ délẹ̀? Ṣé ó máa ń gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì? Ṣé ẹnikẹ́ni ti mọ̀ ọ́n mọ owó ẹ̀gúnjẹ rí? Ìyẹn ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyí: àìsàn tó ń ṣe ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, apá kan rẹ̀ wà lára àwọn adájọ́, apá kejì wà lára aráàlú, èyí tó sì wà lára aráàlú yìí, ó wọ inú ìjọ Ọlọ́run dáadáa. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ adájọ́ òtítọ́ tí yóò dá ẹjọ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tó bá kan ẹjọ́ tara ẹni, adájọ́ "tiwa" ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, méjèèjì ò lè gbé inú ara kan. Adájọ́ tó bá jẹ́ tiwa lónìí, ti ẹlòmíì ni yóò jẹ́ lọ́la, nígbà tí ẹni tó jù wá lọ bá dé.

Kó má baà dà bíi pé a kàn ń wàásù, ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ìlú yìí kan, ká wo ìgbésí ayé rẹ̀.

Adájọ́ Mustapha Akanbi ni. Àwọn ọ̀dọ́ lè mọ orúkọ yẹn nítorí ọmọ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammed Mustapha Akanbi, tó jẹ́ gíwá Yunifásítì KWASU ní Màlété kó tó di olóògbé lọ́dún 2022. Bàbá ni a ń wí.

Ọmọ Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932. Àwọn àgbà tó ń ka èyí mọ bí àwọn ará Ìlọrin àti àwọn Yorùbá mìíràn ṣe ń wọ́ lọ sí Gánà láyé ìgbà yẹn láti ṣòwò. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń gbé ètò ẹ̀kọ́ sórí rédíò fáwọn ọmọ iléèwé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rí ẹ̀kọ́ òfin kọ́, ní Zaria àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1963 ló di lọ́yà ní London. Ní oṣù Kínní ọdún 1964, ó di lọ́yà ní Nàìjíríà. Ó ṣe lọ́yà ìjọba, ó sì ti dé ipò ọ̀gá níbẹ̀ lọ́dún 1968. Lọ́dún 1969 ló lọ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Kano.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ọkùnrin yìí tó jókòó lórí àga adájọ́, ó ti jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ó ti jà fún òṣìṣẹ́, ó ti ṣe lọ́yà ìjọba, ó ti ṣe lọ́yà aráàlú. Ó ti mọ bó ṣe ń rí láti dúró nísàlẹ̀, kéèyàn máa wo ojú ẹni tó wà lókè.

Ọdún 1974 ni wọ́n fi í ṣe adájọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Federal Revenue Court nígbà yẹn. Ọdún 1973 ni wọ́n dá kóòtù náà sílẹ̀, òun la wá mọ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lónìí. Ẹjọ́ owó orí, ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹjọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀: ibi tí oyin bá wà, eèrà ò ní jìnnà síbẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1977, wọ́n gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Kóòtù náà kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1992, ó di Ààrẹ kóòtù yẹn. Dan Ibekwe ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, Mamman Nasir tẹ̀ lé e, òun ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ rántí àsìkò tí à ń sọ. Láti 1992 títí di 1999, ìjọba ológun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Babangida lọ, Abacha dé. Ìdìbò June 12 wọgilé. Lọ́dún 1994, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó ní Kaduna ní kí wọ́n gba onídùúró Olóyè MKO Abiola, ìjọba Abacha sì kọ̀ láti tú u sílẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ìjọba ológun tó ní ìbọn lọ́wọ́, àwọn adájọ́ tí kò ní ju bírò lọ. Síbẹ̀ wọ́n kọ ohun tí òfin sọ, ẹni tó fẹ́ tẹ òfin lójú sì tẹ̀ ẹ́ lójú ní gbangba, gbogbo ayé rí i. Tó bá jẹ́ pé ilé adájọ́ ni wọ́n ti parí ẹ̀ lóru ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ọdún 1999 ni Bàbá Akanbi fẹ̀yìn tì. Ọdún 66 ni. Èèyàn á ní kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ ICPC sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, Akanbi sì ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Kò rọrùn rárá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé òfin náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Lọ́dún 2002 ni kóòtù yẹn sọ pé òfin náà dúró. Nígbà tó di 2003, àwọn aṣòfin Àbújá ṣe òfin mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kóòtù sì fagi lé ìyẹn náà. Àwọn aráàlú ṣàríwísí àjọ náà, wọ́n ní àwọn èèkàn ìlú tó wọ ẹ̀wọ̀n ò tó nǹkan, àríwísí yẹn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá lo ọdún márùn-ún, ó gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2005, Adájọ́ Emmanuel Ayoola sì gbà á. Ó wá sílé, ó dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2018, láàárín ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó jáde láyé níbí ní Ìlọrin, lẹ́ni ọdún 85.

Àwa ò bá a jẹun pọ̀ rí. A ò sì sọ pé áńgẹ́lì ni. Ohun tí a rí ni èyí: ọkùnrin kan di adájọ́ lọ́dún 1974, ó wà níbẹ̀ títí di 1999, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa mú àwọn tó ń gba rìbá, òun ni wọ́n pè. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti di ọjà ẹ̀gúnjẹ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ṣé ó lè jókòó sórí àga yẹn kí ẹnikẹ́ni má dìde tú àṣírí rẹ̀? Àwọn ọ̀tá tó ní nígbà yẹn, ti ìpínlẹ̀ ti àpapọ̀, òfin ni wọ́n bá jà. Wọ́n ò rí ilé rẹ̀ bá jà.

Àwọn kan á ti máa sọ ní báyìí pé, "Pásítọ̀, ẹ̀yin kẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń yin Mùsùlùmí?" Bẹ́ẹ̀ ni, à ń yìn ín. Jẹ́tírò, àna Mósè, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Àlùfáà Mídíánì ni. Òun ló sì kọ́ Mósè bí wọ́n ṣe ń yan adájọ́: ó ní kó wá èèyàn tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó ṣeé fọkàn tán, tó kórìíra èrè àìtọ́. Mósè ò sọ pé, "Bàbá, ẹ kì í ṣe ara wa." Ó gbọ́, ó ṣe é, ara tu gbogbo ìlú. Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù orí 18.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òfin ICPC yẹn, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Òfin náà ò mú ẹni tó gba rìbá nìkan. Ó mú ẹni tó fún un pẹ̀lú. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún ẹni tó gbà, ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún ẹni tó fún un. Tí wọ́n bá sì fi rìbá lọ òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí tó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú, dandan ni kí ẹni náà fi tó àwọn agbófinró létí. Ẹni tó dákẹ́ láìnídìí ti rú òfin. Ohun táwọn baba wa ti sọ tipẹ́ náà nìyẹn, pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ta ìdájọ́ tí kò bá sẹ́ni tó ń rà á.

"Ṣùgbọ́n a kì í fún adájọ́ lówó o, Pásítọ̀. A kàn fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an la fẹ́ bá wí.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa, opó ni. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ta ilẹ̀ tí ọkọ fi sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Ẹjọ́ dé kóòtù. Ìyá yìí wá bá wa, ó ní òun ti gbọ́ pé adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ń jọ́sìn ní ìjọ kan tí pásítọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Ó ní, "Dádì, ẹ ò ní fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣáà bá mi fi tó o létí pé opó ni mí." Omijé wà lójú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó rọrùn láti sọ pé rárá fún irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ dára. Àwa fúnra wa mọ ọkọ, a mọ ilẹ̀. Síbẹ̀ a sọ fún un pé, "Màmá, táwọn ará ilé ọkọ yín náà bá lọ bá ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ta ni yóò gbọ́? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni, àbí ẹni tó mú èèyàn ńlá dání?"

Inú bí i. Ó tó oṣù mẹ́ta tí a ò rí i nínú ìsìn. Àwọn kan nínú ìjọ gbè é, wọ́n ní pásítọ̀ ò láàánú. Ohun tí a lè ṣe la ṣe: lọ́yà kan nínú ìjọ gba ẹjọ́ náà láì gba owó iṣẹ́, a sì ń tẹ̀ lé màmá lọ sí kóòtù tí wọ́n bá ti pè é. Ìyá ti padà wá. Ẹjọ́ ò tíì parí. A ò lè sọ fún yín pé ó ti jàre, nítorí kò tíì jàre. Bóyá ká ní a bá adájọ́ yẹn sọ̀rọ̀ ni, ì bá ti parí. Ìyẹn la ṣe ń sọ pé òtítọ́ ní ohun tó ń náni. Ẹni tó bá sọ pé kò náni ní nǹkan kan, kò tíì rà á rí.

Àgbà ní, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá lọ bá adájọ́ nílé ti sọ ọ́ di agbẹjọ́ ẹnìkan dá nìyẹn, ì báà ṣe owó ló mú lọ, ì báà ṣe àdúrà, ì báà ṣe omijé opó. Ẹnìkejì ò sí níbẹ̀ láti fèsì. Ẹnu tó jẹ dòdò ò lè sọ òdodo. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí tó ti gbọ́ àṣírí ní yàrá àlejò, kì í gbọ́ ẹjọ́ ní kóòtù mọ́.

Àwọn oníwàásù kan á fa ìwé Lúùkù orí 18 yọ, wọ́n á ní opó yẹn ń lọ bá adájọ́ aláìṣòdodo lójoojúmọ́ títí ó fi dá a lóhùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Kí ló ń béèrè? Ó ní kó dá òun láre lọ́wọ́ ọ̀tá òun. Ẹjọ́ rẹ̀ ló ń gbé wá, kò gbé nǹkan mìíràn dání. Kò rán ìyàwó wòlíì lọ bá ìyàwó adájọ́. Ẹni tí a ò gbọdọ̀ gbàgbé ni Pọ́ọ̀lù, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 24. Fẹ́líìsì gómìnà ń ránṣẹ́ pè é léraléra, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà pé Pọ́ọ̀lù yóò fún òun lówó. Kì í ṣe pé Pọ́ọ̀lù ò lè rí owó o. Àwọn ìjọ tó dá sílẹ̀ ì bá dá a jọ. Kò fún un. Ọdún méjì ló fi wà ní àtìmọ́lé. Ìwàásù wo là ń ṣe lórí ọdún méjì yẹn? Ìtúsílẹ̀ Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní òru ní Fílípì la máa ń wàásù. Ọdún méjì Kesaríà, a máa ń fò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí "Ọmọ ta ni?" Ní ìlú yìí, gbogbo wa rántí ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti iléèwé mẹ́wàá tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ pa nítorí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù kí ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀. A ò ní dá ẹjọ́ yẹn lórí Facebook. Ìhà tí a wà, ẹ mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ ni wá. Ohun tó dùn wá ni bí àwọn èèyàn ìhà méjèèjì ṣe ń ka orúkọ àwọn adájọ́ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí kò ka ojú ìwé kan nínú ìdájọ́ ti mọ ìdí tí wọ́n fi dá a bẹ́ẹ̀: "Ẹ ò rí orúkọ rẹ̀ ni?" Tó bá jẹ́ pé orúkọ adájọ́ ló ń dá ẹjọ́, kí la tún ń san owó lọ́yà sí? Tí ìdájọ́ bá burú, ẹ jẹ́ ká tọ́ka sí ibi tó ti burú nínú ìwé, ká gbé e lọ sí kóòtù tó ga jù ú lọ. Ọ̀nà tó wà nìyẹn. Ẹni tó bá ní Mùsùlùmí ò lè dá ẹjọ́ Kìrìsìtẹ́nì dáadáa, kó mọ̀ pé òun ti gbà pé Kìrìsìtẹ́nì náà ò lè dá ti Mùsùlùmí dáadáa. Ṣé ohun tí à ń sọ nípa àwọn ọmọ wa tó jẹ́ adájọ́ nìyẹn?

Ẹ ò mọ ohun tí ìfura ń fà lára adájọ́. Ọmọ Kwara mìíràn wà, ará Gànmọ̀ tó wà nítòsí wa níbí, Adájọ́ Isa Ayo Salami. Òun náà di Ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2009. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nílùú Ìlọrin níbí, kóòtù tó jẹ́ olórí rẹ̀ ní Kayode Fayemi ló wọlé ìdìbò gómìnà Èkìtì. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, kóòtù yẹn ní Ìbàdàn sọ pé Rauf Aregbesola ló wọlé ní Ọ̀ṣun. Ariwo ta. Àwọn tó pàdánù ní ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ kejì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Adájọ́ Salami ní tòun pé Olórí àwọn Adájọ́ Nàìjíríà ìgbà yẹn fẹ́ darí òun lórí ẹjọ́ gómìnà Sókótó. Ìyẹn náà ní irọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìgbìmọ̀ NJC ní kó lọ jókòó sílé. Lọ́dún 2012, NJC yìí kan náà ní kí wọ́n dá a padà. Wọn ò dá a padà títí tó fi pé àádọ́rin ọdún ní oṣù Kẹwàá 2013, tó sì fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni tó wù kó jàre nínú rẹ̀, ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn: gbogbo ìjà yẹn dá lórí ta ló bá ta sọ̀rọ̀, ta ló lọ bá ta. Nígbà tí ìlú bá ti gbà pé ilẹ̀kùn adájọ́ ṣeé kàn, kódà ìdájọ́ tó tọ́ á máa rùn nímú ẹni tó pàdánù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Nàìjíríà nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kì í ní ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ààrẹ á yàn án, Ilé Aṣòfin Àgbà á fọwọ́ sí i, ó di ìgbà tó bá kú tàbí tó bá wù ú kó tó kúrò. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rù ẹnikẹ́ni má baà bà á. Síbẹ̀, adájọ́ kan ní New Orleans, Thomas Porteous, tí wọ́n yàn lọ́dún 1994, gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là nínú àpòòwé lọ́wọ́ lọ́yà kan tí ẹjọ́ rẹ̀ wà níwájú òun, tí kò sì tíì dá. Ta ni lọ́yà náà? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ́yà kó tó di adájọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Ilé Aṣòfin Àgbà yọ ọ́ nípò. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀tá ló ba iṣẹ́ ayé rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó máa ń sọ fún adájọ́ pé "èmi nìyí, ìwọ nìyí, ṣé ó yẹ kó dàyàtọ̀ láàárín wa?" làwọn tó ń pa á.

Torí náà, kí ni ṣíṣe? Àwa ní ohun mẹ́rin láti sọ.

Ìkíní, sí ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ wa. Adájọ́ tó bá wà nínú ìjọ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ìjọ. Ẹ má fi í ṣe alága ìkórè, ẹ má fi í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń kówó jọ fún kíkọ́ ilé ìjọsìn, tí àwọn oníṣòwò tó lẹ́jọ́ ní kóòtù á máa wò ó lójú pé òun làwọn ń nọ́wó fún. Ẹ má gba ìwé ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sábẹ́ Bíbélì láti fún un.

Ìkejì, sí ẹ̀yin ọmọ ìjọ. Ẹ má rán wa. A lè gbàdúrà fún yín, a lè wá lọ́yà fún yín, a lè tẹ̀ lé yín lọ jókòó sí kóòtù. Ilé adájọ́ nìkan la ò ní lọ. Àdúrà pé kí Ọlọ́run fún yín ní "adájọ́ tó máa ṣe tiyín," ẹ dákun, ẹ yí i padà. Ẹ ní kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tó máa ka ìwé yín.

Ìkẹta, sí ẹ̀yin adájọ́ tó ń ka èyí, torí a mọ̀ pé ẹ wà níbí. Àwa tí à ń gbé ní GRA mọ géètì yín. A mọ èyí tí ọkọ̀ kì í dúró síwájú rẹ̀ lálẹ́, aráàlú náà sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2024, ìjọba ṣe òfin tó fi ìdá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lé owó oṣù yín tó ti wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n kò sí owó oṣù tó lè ti ilẹ̀kùn tí ẹni tó ni ilé ṣí sílẹ̀. Àwọn ọmọ Sámúẹ́lì ò jìyà ebi ní Bééṣébà. Ọmọ wòlíì ni wọ́n, wọ́n sì gba rìbá títí ìlú fi ní àwọn ò fẹ́ adájọ́ mọ́, kí wọ́n fún àwọn ní ọba. Nígbà tí ìdájọ́ bá bàjẹ́, alágbára ni ìlú máa ń wá, ojú Nàìjíríà sì ti rí ìyẹn.

Ìkẹrin, sí gbogbo òbí. Ọmọ yín tó ń ka òfin ní UNILORIN tàbí ní KWASU, ẹ má wulẹ̀ máa pè é ní "adájọ́ mi" torí àǹfààní tẹ́ ẹ máa rí. Lọ́jọ́ tó bá di adájọ́, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti ìsinsìnyí bó ṣe máa sọ pé rárá fún yín.

Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀, nígbà tó darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun gba màlúù rẹ̀, tàbí tí òun gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti di ojú òun, kó jáde wá sọ. Kò sẹ́ni tó jáde. Ohun tí a fẹ́ kí ìlú lè sọ nípa adájọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ì báà jẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ni.

Olúwa á fún wa ní irú wọn. Olúwa á sì fún àwa náà ní ọkàn tó lè gba ìdájọ́ wọn, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá wa lẹ́bi. Ẹni tó bá ní Àmín, kó pín in fún ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù.